Má Fọ Fóòmù Náà, Tinú

Òsí,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Tinúọlá,

Kí n tó kí ọ, jẹ́ kí n kọ́kọ́ san ohun tó wà lọ́rùn mi. Ìyá tó bí mi kọ́ mi pé ẹni tó bá jẹ gbèsè kì í dúró sí ẹnu ọ̀nà olówó rẹ̀ kó máa ṣe ẹ kú ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Kó san án ná. Gbèsè méjì ló sì wà lọ́rùn mi.

Èkínní wà nínú ọ̀rá tí awakọ̀ fún ọ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ìdajì fóòmù inú gíláàsì ẹja tó wà lọ́dọ̀ mi ló wà níbẹ̀, ó ti pọ́n bí ẹrẹ̀, omi tó wà lára rẹ̀ náà sì dà bí omi àgbo. Má kà á kọjá ibí yìí kí o tó gbé fóòmù yẹn sínú àpótí gíláàsì tuntun tí ọkọ rẹ rà. Má fọ̀ ọ́. Má fún un. Má fi omi ẹ̀rọ ṣàn án. Fi sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń hó nínú omi, kí o tan ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ náà, kí o wá padà jókòó.

Ṣé o ti gbé e síbẹ̀? Ó dára.

Èkejì rèé. Olóyè ti kú. Ó ti kú láti ìgbà ọyẹ́. Ẹja tí o ń rí nínú fọ́tò tí mo ń fi ránṣẹ́ kì í ṣe Olóyè rẹ. Kì í ṣe àìsàn ló pa á, ológbò kọ́, ooru kọ́. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi pa á, mo sì parọ́ fún ọ.

Ó tán. Mo ti sọ ọ́. Wàyí o, ẹ kú ilé, ọmọ mi. Ọkọ rẹ ńkọ́? Ilé tuntun ńkọ́, ṣé ẹ ti ń mọ ibi tí nǹkan wà? Bàbá rẹ ní kí n kí yín. Ó ní ilé ti pa rọ́rọ́ jù, pé kò sí ẹni tó ń bá òun jiyàn mọ́.

Ó yẹ kí n sọ ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tí o pè mí, ṣùgbọ́n o kò fún mi láyè. Ayọ̀ ti gbé ọ. "Màmá! Kọ́lá ra àpótí gíláàsì ńlá fún mi o! Òkúta búlúù ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Olóyè ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Àwọn ará ilé Kọ́lá ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìsìn ọpẹ́, mo fẹ́ kí wọ́n bá a nínú ilé."

Mo ní, "Tinú, omi inú rẹ̀ ńkọ́? Ìgbà wo lẹ pọn ọ́n?"

O ní, "Àárọ̀ yìí ni, Màmá. Ó mọ́ gaara! Ẹ̀yin gan-an lè mu ún."

Omi tó mọ́ gaara báyẹn gan-an ló pa Olóyè. Mo ní màá pè ọ́ padà. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri nínú ilé. Mo wá rò ó pé tí mo bá sọ ọ́ lórí fóònù, wàá bú sẹ́kún, èmi náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, a ò sì ní débi tí ọ̀rọ̀ wà. Ìwé kì í jẹ́ kí wọ́n já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ni lẹ́nu. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, tíṣà ni ìwọ, nítorí náà tí o bá rí ibi tí mo ti ṣì í kọ, fojú fò ó.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe kú.

Nígbà tí iṣẹ́ Ìlọrin jáde tí o ń lọ, o gbé Olóyè fún mi nínú gíláàsì kékeré rẹ̀. O ní, "Màmá, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ bu omi rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́rin, kí ẹ pààrọ̀ ọ̀kan. Ẹ má da gbogbo rẹ̀ nù o." Mo gbọ́. Mo sì ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ tí mo fi fẹ́ràn ẹja náà. Tí mo bá ń ṣa irú nínú pálọ̀, á sún mọ́ gíláàsì, á na àwọn lẹbẹ rẹ̀ yẹn bí ẹni tó ń ká agbádá sí èjìká, á máa wò mí. Mo wá mọ ìdí tí o fi sọ ọ́ ní Olóyè.

Lẹ́yìn náà ni ó kan ilé mi tí ẹgbẹ́ àwọn ìyá inú ìjọ máa ṣe ìpàdé. Mo wo gíláàsì yẹn. Ewéko tẹ́ẹ́rẹ́ ti ń hù lára rẹ̀, fóòmù inú rẹ̀ ti pọ́n. Mo ní wọ́n á ní Ìyá Tinú, òun tó ń ta nǹkan jíjẹ, ẹ wo ìdọ̀tí tó fi ń sin ẹja. Ojú tì mí kí àlejò tó dé rárá. Mo gbé Olóyè sínú abọ́. Mo da gbogbo omi nù. Mo fi ọṣẹ ìfọṣọ bó gíláàsì. Mo fi yanrìn fọ àwọn òkúta. Mo wá mú fóòmù ọ̀hún, mo ń rẹ̀ ẹ́ sínú omi ọṣẹ, mo ń fún un, mo ń rẹ̀ ẹ́, mo ń fún un, títí ó fi funfun bí òwú. Mo ṣàn án ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Mo pọn omi tuntun láti inú kànga, mo gbé Olóyè padà sínú rẹ̀.

Àwọn ìyá ìjọ wọlé. "Ìyá Tinú, ọwọ́ yín mà mọ́ o!" Inú mi dùn.

Lọ́jọ́ kẹta, Olóyè pa gbogbo agbádá rẹ̀ dé. Lọ́jọ́ karùn-ún, òkè omi ló ń gbé, ó ń la ẹnu bí ẹni tí afẹ́fẹ́ kò tó. Mo ní bóyá ebi ni, mo fi oúnjẹ kún oúnjẹ. Lọ́jọ́ keje, mo jí, mo bá a ní ìsàlẹ̀, lórí àwọn òkúta tí mo fọ̀.

Bàbá Ṣèyí, tó ní kòtò ẹja àrọ̀ ní ọ̀nà Odò-Ọ̀wà, wá ra irú lọ́jọ́ náà. Ó wo gíláàsì, ó wo ojú mi.

"Ìyá Tinú, ta ló fọ ilé yìí?"

"Èmi ni."

"Kí lẹ fi fọ̀ ọ́?"

"Ọṣẹ."

"Fóòmù rẹ̀ náà?"

"Gbogbo ẹ̀."

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Háà! Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ lé àwọn tó ń gbálẹ̀ jáde, ẹ wá ń bínú pé ilé dọ̀tí!"

Inú bí mi. Mo ní kó má fi òkú ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ilé mi. Ó bẹ̀ mí, ó lọ sídìí ọ̀kadà rẹ̀, ó mú àwọn ìgò kéékèèké tó fi ń wo omi kòtò rẹ̀ wá. Ó bu omi Olóyè díẹ̀, ó kán oògùn sí i. Omi tí ojú mi rí bíi dígí, ó yí padà di àwọ̀ ewé níwájú mi. Ó ní májèlé nìyẹn. Ìtọ̀ ẹja, ìgbẹ́ ẹja, oúnjẹ tó ṣẹ́ kù, gbogbo rẹ̀ ló ń di májèlé tí kò ní àwọ̀. Ó ní àwọn ẹ̀dá kan wà tí ojú kò lè rí, inú fóòmù àti ara òkúta ni wọ́n ń gbé, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa jẹ májèlé náà. Àwọn ni mo fi ọṣẹ pa.

Ó wá sọ èyí tó wọ̀ mí lára jù. Ó ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe irú, ta ló tún yẹ kó kọ́ yín?"

Tinú, ibẹ̀ ni mo ti jókòó sílẹ̀.

Mi ò sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ẹnikẹ́ni rí, bàbá rẹ kò tíì mọ̀. Mo ń sọ ọ́ fún ọ nítorí pé ìwọ náà ti di ìyàwó ilé báyìí. Nígbà tí mo dé ilé yìí gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, Yèyé, ìyá bàbá rẹ, ni gbogbo Òsí ń ra irú lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ará Ìlọ́fà ń wá. Àwọn ará Kóro ń wá. Ó ní apẹ̀rẹ̀ kan tó ti dúdú, àti àpò ìdọ̀họ kan tó fi ń bò ó, tó le gbagidi, tó ń rùn. Bí ó bá ti se wóró irúgbá, tó tẹ èèpo rẹ̀ kúrò, tó tún un sè, inú apẹ̀rẹ̀ yẹn ló ń dà á sí, a sì fi àpò yẹn bò ó. Lọ́jọ́ kẹta, irú ti dé.

Mo fẹ́ kó mọ̀ pé òun fẹ́ ìyàwó tó mọ́ tónítóní. Oṣù kejì tí mo dé, Yèyé lọ sí Òkè-Ọ̀pìn níbi ìsìnkú. Mo kó apẹ̀rẹ̀ àti àpò lọ sódò. Mo fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, mo fi kànrìnkàn bó wọn, mo sá wọn sóòrùn ọjọ́ méjì gbáko. Nígbà tí Yèyé dé, ó ti rẹ̀ ẹ́, kò wo apẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó se irú. Lọ́jọ́ kẹta tó ṣí i, wóró náà le, kò fà, ó ti hu funfun. Ó ní, "Kí ló dé?"

Mo mọ̀ pé nǹkan kan tí mo ṣe ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò mọ bó ṣe jẹ́. Mo ní, "Yèyé, bóyá òtútù ni."

Ó tún òmíràn sè. Ó bàjẹ́. Ó se ìkẹta. Ó bàjẹ́. Lẹ́yìn ìkẹta, obìnrin náà jókòó sórí àpótí ìdáná, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ọwọ́ mi ti bàjẹ́. Àgbà ti dé sí i." Mo dúró síbẹ̀, mi ò la ẹnu.

Ó gbé iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́. Mo lọ tọrọ àpò àtijọ́ kan lọ́wọ́ obìnrin kan ní Kóro tó ń ṣe irú, mo fi bo tèmi, irú mi dé: ara àpò àtijọ́ ni àwọn ẹ̀dá tó ń sọ wóró di irú ń gbé. Àwọn èèyàn ní, "Ọwọ́ ìyàwó yìí mà dùn o." Yèyé náà yìn mí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń jẹ nínú iṣẹ́ yìí, òun la fi rán ọ níwèé. Títí Yèyé fi kú, ó gbà pé ọwọ́ òun ló bàjẹ́. Tí mo bá ti sọ pé mo fọ apẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ì bá bú mi lẹ́ẹ̀kan, ì bá lọ tọrọ àpò àtijọ́, à bá jọ máa ṣe é.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè dákẹ́ lórí Olóyè. Tí mo bá fi ẹja yìí ránṣẹ́ sínú omi tuntun rẹ, tó sì kú mọ́ ọ lọ́wọ́ lójú àwọn ará ilé ọkọ rẹ, wàá ní, "Ọ̀dọ̀ Màmá ló ti ń yè, èmi ni ọwọ́ mi kò dára." Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé orí òkú ẹja rẹ ni yóò ti bá tèmi.

Ẹja kejì ńkọ́? Bàbá Ṣèyí ló kọ́ mi bí omi ṣe ń gbó. Ó ju ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ tí gíláàsì yẹn fi wà láìsí ẹja. Nígbà tí o ń béèrè fọ́tò, tí mo ń sọ pé ojú fóònù mi ti fọ́, irọ́ ni. Lẹ́yìn náà ni mo rí bẹ́tà kan, irú ẹja tí Olóyè jẹ́, lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́ ní Ìlọrin, níbi tí mo ti lọ tajà. Ó pupa bí Olóyè gẹ́lẹ́, àfi pé ẹnu ìrù rẹ̀ funfun díẹ̀. O rí i! O kọ ọ́ sí mi pé, "Màmá, ìrù Olóyè ń funfun." Mo ní ó ti ń hu ewú ni. O rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ó yá, gbọ́ ohun tí wàá ṣe.

Èkínní, má fi ẹja kankan sínú omi yẹn. Ìwọ ni kí o máa bọ́ omi náà. Lójoojúmọ́, fi oúnjẹ ẹja díẹ̀ sí i, kó má ju èyí tí ìka méjì lè mú lọ, kó máa jẹrà níbẹ̀. Kọ́lá á ní orí rẹ ti dàrú. Fún un ní ìdáhùn tí mo fún bàbá rẹ nígbà tó ní, "Ìwọ obìnrin yìí, ta lò ń bọ́?" Mo ní, "Àwọn tó máa gbálẹ̀." Àwọn ẹ̀dá inú fóòmù tí mo fi ránṣẹ́, tí wọn kò bá rí májèlé jẹ, ebi á pa wọ́n kú. Tí wọ́n bá ń jẹ, wọ́n á bí sí i, wọ́n á kó lọ sínú fóòmù tuntun àti ara òkúta búlúù yín.

Ìgò mẹ́ta wà nínú páálí kékeré tí mo fi sí ìsàlẹ̀ ọ̀rá. Lọ́jọ́ méjì méjì, bu omi díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìgò kọ̀ọ̀kan, kí o kán oògùn rẹ̀ sí i. Ìgò àkọ́kọ́, tó bá yí sí àwọ̀ ewé, májèlé wà níbẹ̀. Tó bá dúró ní àwọ̀ ìyeyè, kò sí. Ìgò kejì, búlúù ló dára, àwọ̀ àlùkò ni ewu. Májèlé kejì yìí, inú èkínní ló ti ń jáde. Tí àwọn kan bá jẹ èkínní, ohun tí wọ́n yọ ni èkejì, àwọn mìíràn ló sì ń jẹ ìyẹn. Nítorí náà, tí ìgò àkọ́kọ́ bá ti mọ́, má tíì fò sókè, èkejì lè máa gòkè lọ́wọ́. Ìgò kẹta ló ń fi hàn pé iṣẹ́ ti parí, á pọ́n bí ọsàn. Ìyẹn kì í tètè pa ẹja, omi tí o bá ń pààrọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń dín in kù.

Ọjọ́ tí o bá fi oúnjẹ sí i fún ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ léra, tí àkọ́kọ́ kò kúrò ní ìyeyè, tí èkejì kò kúrò ní búlúù, tí ẹ̀kẹta sì pọ́n, omi ti gbó nìyẹn. Pààrọ̀ ìdajì rẹ̀, kí o wá pè mí. Nítorí fóòmù tí mo fún ọ, ó lè má pẹ́ tó tèmi, ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Ṣùgbọ́n má fi kàlẹ́ńdà wò ó, ìgò ni kí o fi wò ó. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.

Èkejì, omi. Tó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ ìjọba lẹ ń lò, tó ń rùn bí oògùn, bù ú sínú ike tí kò lọ́mọrí fún ọjọ́ méjì kí o tó lò ó. Oògùn tó ń pa kòkòrò burúkú nínú omi, ó ń pa ti rere náà. Ya ike kan sọ́tọ̀ fún ẹja, kọ orúkọ sí i, kí ọṣẹ má kàn án láé. Tí fóòmù bá dí, bu omi láti inú gíláàsì yẹn kan náà sínú abọ́, kí o rì í sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó tó. Àṣejù baba àṣetẹ́. Àní nínú ìmọ́tótó.

Mo ti gbàgbé iye tí mo kà dé. Oúnjẹ ẹja náà ni mo fẹ́ sọ. Ikùn rẹ̀ kò ju ojú rẹ̀ lọ. Wóró mẹ́ta láàárọ̀, mẹ́ta nírọ̀lẹ́. Mo lọ ta ọjà lọ́jọ́ kan, bàbá rẹ run búrẹ́dì sí i. Ó ní ọjọ́ ìbí òun ni, kí ẹja náà bá òun jẹ ẹ́. Omi ṣú fún ọjọ́ mẹ́rin. Kìlọ̀ fún Kọ́lá, mo ti rí i pé ọwọ́ rẹ̀ là.

Bo orí gíláàsì, bẹ́tà máa ń fò. Má gbé e sí ojú oòrùn. Má jẹ́ kí afẹ́fẹ́ hó jù, ẹja tó wọ agbádá kò lè wẹ̀ nínú ìjì. Nígbà ọyẹ́, tí omi bá tutù sí ọrùn ọwọ́ rẹ, fi aṣọ tó nípọn wé gíláàsì láàárọ̀, tàbí kí Kọ́lá ra ẹ̀rọ tó ń mú omi lọ́wọ́ọ́wọ́. Ewé gbígbẹ méje tó wà nínú bébà, ewé igi furúùtù ni, inú ọgbà iléèwé tó wà lẹ́yìn ilé wa ni mo ti ṣà á. Fi omi lásán ṣàn án, kí o ju ọ̀kan sínú omi. Omi á pọ́n bíi tíì, ẹja náà á sì fẹ́ràn rẹ̀. Ọmọkùnrin tó ta ẹja fún mi ń ta irú ewé bẹ́ẹ̀! Mo ní, "Ìwọ, ewé tí wọ́n ń gbá dànù nílé wa?" Ó ní, "Màmá, ẹ rọra sọ̀rọ̀, àwọn oníbàárà ń gbọ́."

O ní Kọ́lá fẹ́ ra ẹja mìíràn kún Olóyè kí ó má bàa dá wà. Sọ fún un pé mo dúpẹ́, kó má rà á. Bẹ́tà méjì tó jẹ́ akọ, wọ́n á fa ara wọn ya. Kì í ṣe ìkà, bí a ṣe dá wọn ni. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé bàbá rẹ, tó bá ti oko dé tó dákẹ́, mo máa ń tẹ̀ lé e káàkiri. "Kí ni mo ṣe? Ta ló ṣẹ̀ ọ́?" Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ ẹ́. Ó fẹ́ dá jókòó ni. Ó gbà mí lọ́dún mẹ́ta kí n tó mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kì í ṣe ìjà. Ìwọ náà, fún ọkọ rẹ ní ìwọ̀nba omi tirẹ̀, kí o sì béèrè tìrẹ.

Àwọn àlejò ọjọ́ Ìsinmi ńkọ́? Jẹ́ kí wọ́n bá omi àti òkúta. Má torí wọn kánjú, torí àlejò ni mo ṣe pa Olóyè, torí kí ìyá ọkọ lè yìn mí ni mo ṣe fọ apẹ̀rẹ̀. Tí ìyá Kọ́lá bá ní, "Ẹja dà?" kúnlẹ̀ dáadáa, kí o ní, "Ó ń bọ̀, Mà. A ṣì ń tọ́jú ilé dè é." Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù.

Bí o bá ba nǹkan ìyá Kọ́lá jẹ́, bó ṣe abọ́ ni, bó ṣe ìkòkò ni, sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, kí ilẹ̀ tó ṣú. Èébú ọjọ́ kan kò tó nǹkan. Mo ti gbé èyí tí kò tán, mo mọ bó ṣe wúwo tó.

Ó ku ẹja yìí. Níwájú mi ló wà bí mo ṣe ń kọ̀wé, ó ń ká agbádá rẹ̀ kiri lórí ìdajì fóòmù tó ṣẹ́ kù fún un. Mi ò lè pè é ní Olóyè nígbà tí kò bá sí ẹnìkan nítòsí. Adélé ni mo ń pè é, ẹni tó ń bá ni jókòó sórí àga títí ẹni tó ni í yóò fi sọ̀rọ̀. Ìwọ lo ni àga. Bí o bá ṣì fẹ́ ẹ, pẹ̀lú ohun tí o ti mọ̀ yìí, màá gbé e wá fúnra mi lọ́jọ́ tí omi rẹ bá gbó. Mi ò ní fi rán awakọ̀. Bí ó bá sì dùn ọ́ débi pé o kò fẹ́ rí ẹja mìíràn, má fi tipá gbà á nítorí mi. Yóò máa bá mi ṣa irú níbí, kò sì ní mú kí n sọ pé o kò dárí jì mí.

Má pè mí, kọ ọ́. Awakọ̀ yìí kan náà ń padà bọ̀ lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀. Kọ àwọ̀ tí ìgò àkọ́kọ́ fi hàn sí i, kí o kọ èyí tí ọkàn rẹ sọ nípa èmi àti Olóyè sábẹ́ rẹ̀, ì báà jẹ́ èébú. Yèyé kò dá mi lóhùn rí, nítorí mi ò sọ fún un. Ìwọ, mo ti sọ fún ọ. Mo ń retí èsì rẹ ní Ọjọ́bọ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.